Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni máàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa fi kú, ọjọ́ dátà mi sì pé níbẹ̀: ṣé owó yẹn ti lọ nìyẹn?

Ìyá Tósìn, Bùnú

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kí àwọn tó wà nílé, mo kí àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Mo ti sọ ọ́ fún Bàbá Tósìn títí, ó ní kí n fi í sílẹ̀, n kò sì lè fi í sílẹ̀.

POS ni mò ń ṣe ní abúlé wa ní Bùnú, ìpínlẹ̀ Kogí, ọdún kẹrin rèé. Tó bá di àsìkò kajú, mo máa ń bá oníṣòwò kan ní Kàbà ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Yóò fi owó sínú àkáǹtì mi, èmi á wọn kajú, màá sanwó fún àgbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló sì dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa. Àwọn yòókù, àfi kéèyàn gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Nínú oṣù kẹta, ní alẹ́ Ọjọ́rú kan, mo ra dátà ọlọ́jọ́ méje, ₦2,000, gígì márùn-ún. Mo rà á lálẹ́ nítorí pé ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ọjà, n kò fẹ́ kí ohunkóhun dá mi dúró. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí aago méje tó lù, máàsì, òpó irin tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá sọ́dọ̀ wa, kú. Mo mọ̀ pé ó kú nítorí pé ariwo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ tí a máa ń gbọ́ láti ìta wa dákẹ́. Ẹni tí kò gbé abúlé rí kò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe máa ń rí. A ti mọ ohùn ẹ̀rọ yẹn bí a ṣe mọ ohùn àkùkọ.

Ó kú ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, kò jí títí di àárọ̀ Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí jù, torí kì í ṣe ₦2,000. Bàbá àgbàlagbà kan wà tí ó wá sọ́dọ̀ mi ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an kó tó lọ sóko. ₦38,000 ló fẹ́ gbà, owó ìdánwò ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ki káàdì bọ inú ẹ̀rọ, ó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ń yí, ó ń yí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ. Mo sọ fún un pé kò bọ́ sí i, kó jọ̀wọ́ padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ dé, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí ó di Sátidé, ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí Kàbà lórí ọ̀kadà. Bí wọ́n ṣe ń wọ ìlú ni àláàtì wọlé sórí fóònù rẹ̀: wọ́n ti yọ ₦38,000. Ó padà wá bá mi. Mo gun àpáta lọ, mo fi síìmù mi kejì wo àkáǹtì mi, n kò rí kọ́bọ̀. Owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò dé ọwọ́ mi, n kò sì rí ọ̀nà pe báńkì kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan délẹ̀. Ìpè á já, màá tún pè, á tún já. Kóòdù báńkì tí mò ń tẹ̀ lórí àpáta yẹn, ₦6.98 ni wọ́n ń yọ nínú owó ìpè mi ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ kò parí lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá yìí fi wá jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Kò bú mi. Yóò kàn jókòó, yóò fi ọ̀pá rẹ̀ há ẹsẹ̀, yóò máa wo ojú ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ló wá sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn pé ẹni tó ń fi owó olówó ṣòwò kò lè ṣàì mọ ibi tí owó wọlé sí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì pè mí lólè rí.

Àwọn ọdẹ wa tó ń ṣọ́ ìlú lálẹ́ náà, fóònù ni wọ́n fi ń pe ara wọn láti oríta kan sí èkejì. Ẹ mọ bí àdúgbò wa ṣe rí báyìí. Ní àwọn alẹ́ mẹ́sàn-án yẹn, ìbọn ni wọ́n ń yìn sókè láti fi pe ara wọn. Tí a bá ti gbọ́ ọ, gbogbo wa á sáré wọlé, a ò ní mọ̀ bóyá ìpè ni tàbí ogun.

Nígbà tí máàsì jí ní àárọ̀ Sátidé yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí òjò. Àkọ́kọ́ tí mo kà ni èyí tó sọ pé ọjọ́ dátà mi ti pé, kí n tẹ *312# láti ra òmíràn. N kò tíì lo ìdajì gígì kan nínú márùn-ún.

Ní tèmi o, tí mo bá gba ₦200 lọ́wọ́ oníbàárà láti bá a fi owó ránṣẹ́, tí owó náà kò dé, mo máa ń dá ₦200 náà padà kó tó béèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè lọ́wọ́ yín: ṣé òfin kankan wà tó ní kí wọ́n dá dátà mi padà? Ta ni mo máa pè tí yóò gbọ́? Tí mo bá sì fẹ́ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí, ṣé mo lè mú nọ́ńbà mi lọ? Òun ló wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi, òun ló sì wà ní báńkì.

Kọ́lá Ìyàrà

Ẹ kú ìnira, mà. Ẹ sì kú ọ̀rọ̀ bàbá yẹn, ó wọ̀ mí lára. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ máàsì kí n tó fi í sílẹ̀. Láti ìhà Ọbàjànà títí dé Ẹ̀gbẹ́ ni mo ti gùn ún. Mi ò fẹ́ gbè wọ́n lẹ́yìn, àmọ́ ẹni tó bá mọ ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni yóò mọ ohun tí yóò béèrè.

Ilé iṣẹ́ tí ẹ ń ra káàdì rẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tó ni máàsì yẹn. Ọ̀pọ̀ máàsì ní Nàìjíríà wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ bíi IHS àti ATC. Àwọn ló ń gbé irin dúró, àwọn ló ń wá iná sí i, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wá yá ààyè lórí rẹ̀. Tí ẹ bá wá pe kọ́sítọ́mà kíà, ọmọ tó gbé fóònù kò mọ̀ bóyá dísẹ́ẹ̀lì ló tán. Yóò kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ẹni yẹn á kọ ọ́ sí àwọn tó ni máàsì, àwọn náà á wá alágbàṣe tí yóò gbé dísẹ́ẹ̀lì lọ. Ibẹ̀ ni ọjọ́ ti ń lọ. Nígbà tèmi, mo rí awakọ̀ tó kọ̀ láti gbé dísẹ́ẹ̀lì wọ ọ̀nà kan ní apá ọ̀dọ̀ wa nítorí ẹ̀rù àwọn ajínigbé. Ọjọ́ mẹ́rin ni máàsì yẹn fi dúró dè é.

Ohun kejì ni pé máàsì abúlé kì í dá dúró. Tí ẹ bá gbójú sókè, ẹ ó rí ohun funfun róbótó kan lára rẹ̀ bí ìlù. Òun ló ń gba ọ̀rọ̀ láti ara máàsì tó wà níwájú, tó sì ń fi í fún èyí tó wà lẹ́yìn. Ó dà bí ìgbà tí iná ń jó ilé tí àwọn èèyàn tò láti odò, tí wọ́n ń na garawa sí ara wọn. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá jókòó nínú wọn, omi ò ní dé. Nítorí náà, máàsì yín lè wà láàyè, kó jẹ́ pé èyí tó wà níwájú rẹ̀ ló kú, tàbí kí àwọn tó ń ṣe títì ti fi kátapílà gé wáyà fáíbà sí méjì níbìkan tó jìnnà sí yín.

Ẹ lè mọ̀ ọ́n fúnra yín. Tí ilà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣì ń hàn lójú fóònù, àmọ́ tí ìpè kò lọ, ó ṣeé ṣe jù kó jẹ́ pé ọ̀nà láàárín máàsì sí máàsì ló já. Tí kò bá sí ilà rárá, tí jẹnẹrétọ̀ sì dákẹ́, iná ni. Tiyín, iná ni, kò ṣe iyèméjì lójú mi. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá pè wọ́n: "Jẹnẹrétọ̀ kò ṣiṣẹ́ láti Ọjọ́bọ̀." Ẹ má sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ẹni tó sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, wọ́n á ní kó pa fóònù kó tún tan án.

Ní ti àpáta yẹn: ìgbì rédíò fẹ́ràn ọ̀nà tó tọ́, òkè ló sì ń dí i lọ́dọ̀ wa. Ìgbì 900 MHz tí 2G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́, ń lò máa ń rìn jìnnà ju ti 2100 MHz tí 3G ń lò lọ, ìdí nìyẹn tí 2G fi máa ń dé ibi tí 3G kò dé. Tí ẹ bá tún gun ibẹ̀, ẹ wọ ṣẹ́tìǹsì, ẹ yan 2G nìkan. Ìpè àti kóòdù báńkì kò nílò ju ìyẹn lọ. Bí fóònù bá ń fò láti 4G sí 3G sí 2G ni ìpè ń já bẹ́ẹ̀. Ẹ tún yẹ ẹ̀rọ POS yín wò, òmíràn ní ààyè síìmù méjì.

Nọ́ńbà yín, ẹ lè mú un lọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni wọ́n ti gbà wá láàyè. Ẹ ó lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù, ẹ ó sì fi PORT ránṣẹ́ sí 3232. Tí ẹ bá ti lọ, ẹ ó dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó lè tún kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe sùúrù, mà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ máàsì yẹn bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ló wà lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ orí irin kan náà ni èyí tí ẹ fẹ́ lọ bá gbé wà, ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì á máa kú.

Ọmọ Ìsánlú, Èkó

Ẹ má bínú sí mi, àmọ́ àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Àwọn tó ń jí bátìrì máàsì, àwọn tó ń fa dísẹ́ẹ̀lì nínú táǹkì lóru, àjèjì ni gbogbo wọn? Lọ́dún 2024 Ààrẹ fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ di dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè, kí wọ́n lè máa fi òfin mú ẹni tó bá bà á jẹ́. Ṣé a ti fa ẹnì kan lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ rí? Kí ìlú kọ́kọ́ ṣọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Tósìn, Bùnú

Àbúrò mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ máàsì wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Mo bi í ní ọjọ́ kejì gan-an. Ó mú mi lọ síbẹ̀, ó ṣí táǹkì fún mi, mo fi igi kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbẹ. Bátìrì wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí ọ̀gá òun kí dísẹ́ẹ̀lì tó tán, ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà hàn mí lójú fóònù rẹ̀, tòun ti ọjọ́ tó fi í ránṣẹ́. Oṣù méjì ni wọn kò tíì san owó fún òun alára. Ẹ má fi ti ìlú mìíràn rò wá.

Kọ́lá, o ṣeun, ọmọ dáadáa. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè yan 2G.

Bàbá Tíṣà, Kàbà

Ìyá Tósìn, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ mú mi rántí ìgbà kan. Kí GSM tó dé, tí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ mi tó wà ní Èkó, mo máa ń wọkọ̀ láti Kàbà lọ sí NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ní Lọ́kọ́ja, màá tò sórí ìlà, nígbà mìíràn ìlà á já kí ó tó kàn mí, màá tún wọkọ̀ padà sílé. Ní oṣù kìíní ọdún 2001, ìjọba ta ìwé àṣẹ GSM, mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ẹyọ kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì rántí bí inú mi ṣe dùn tó. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ìyà ọ̀nà Lọ́kọ́ja ti tán. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé ọmọ Bùnú ṣì ń gun àpáta kí ó tó lè pe báńkì, lẹ́yìn ọdún tó lé ní ogún.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Ra ìwé kékeré kan. Kọ ọjọ́ tí máàsì kú, wákàtí tó kú, ọjọ́ tó jí. Kọ iye dátà tí o rà, ọjọ́ tí o rà á, iye tó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà, pe 300. Gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni 300 wà fún báyìí, kì í gba owó. Sọ ohun tí o fẹ́ gan-an: "Mo fẹ́ kí ẹ dá gígì mẹ́rin ààbọ̀ padà fún mi pẹ̀lú ọjọ́ méje." Kí o tó gbé fóònù sílẹ̀, gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ wọn, kọ ọ́ sínú ìwé. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ̀rí rẹ. Tí wọn kò bá dá ọ lóhùn, tàbí tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ dídùn lé ọ, pe 622. Ti NCC ni, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi ọ́ ni bóyá o ti fẹjọ́ sun nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ, ni o ó ka nọ́ńbà ẹ̀sùn rẹ fún wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n pe 622 tí kò já sí nǹkan, kò sí nọ́ńbà lọ́wọ́ wọn.

Òfin tí o ń béèrè wà. Ní ọdún 2025, NCC pàṣẹ pé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú ju wákàtí 24 lọ, kí ilé iṣẹ́ san ẹ̀san fún oníbàárà, kí wọ́n sì fi kún ọjọ́ ohun tó rà. Wákàtí 24! Tìrẹ lé ní igba wákàtí. Di èyí mú.

Fúnmi Agbẹjọ́rò

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi kókó kan kún ohun tí ẹ sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi í dá Ìyá Tósìn dúró lórí fóònù.

Òótọ́ ni pé àṣẹ náà wà. Ṣùgbọ́n ìdákú ńlá ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì ti sọ ohun tó ń jẹ́ ńlá. Ọ̀kan nínú òṣùwọ̀n wọn ni pé kí ó kan ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, tàbí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ó kéré tán. Òmíràn ni pé kí ọgọ́rùn-ún máàsì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn tún wà fún àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ti ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì jù.

Ẹ fi ti ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún yẹn wo ọ̀dọ̀ wa. Kàbà/Bùnú, Ìjùmú, Mópà-Múrò, Yàgbà East, Yàgbà West. Márùn-ún náà nìyẹn. Ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ilẹ̀ àwa Òkun, láti ìpẹ̀kun Bùnú títí dé ẹnu ibodè Kwárà, ni ìdákú yóò kàn kí a tó kà wá sí ìdákú ńlá lójú òṣùwọ̀n yẹn. Abúlé kan tó ní máàsì kan, tó bá ṣókùnkùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sí nínú ìṣirò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo pa fóònù mi dé. Mo wá láti abúlé bẹ́ẹ̀.

Èyí kò wá sọ pé kí ẹ má pè o. Ẹ pè. Ohun tí ẹ sanwó fún tí wọn kò fún yín, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè rẹ̀, bó jẹ́ máàsì kan tàbí ẹgbẹ̀rún. Ohun tí mo ń sọ ni pé tí ọmọ orí fóònù bá ní ti yín kì í ṣe ìdákú ńlá, ẹ má jẹ́ kí ó fi ìyẹn pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ ní ẹ kò pè nítorí ìdákú ńlá, ẹ pè nítorí dátà tí ẹ rà tí ẹ kò rí lò.

Kí abúlé yín má sì dá nìkan pè. Ẹnì kan, ẹ̀sùn kan. Tí ogún èèyàn bá pe 622 nípa máàsì kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó yàtọ̀.

Ọlọ́jà Ìsánlú

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nígbà tí wọ́n fẹ́ fi owó kún un, abúlé wa wà nínú ìṣirò. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni NCC fọwọ́ sí i pé wọ́n lè fi tó ìdajì lé iye tí a ń san. Wọ́n ní láti 2013 ni iye náà ti wà lójú kan, owó dísẹ́ẹ̀lì sì ti lọ sókè. Ó dára, mo gbà pé dísẹ́ẹ̀lì wọ́n. Ǹjẹ́ ẹni tó ń san owó Èkó ní Bùnú kò yẹ kó rí dísẹ́ẹ̀lì nínú táǹkì? Iye kan náà ni gígì kan ní Ìkẹjà àti ní abúlé wa. N kò rí i kí wọ́n dín in kù fún ẹni tó ń lò ó lórí àpáta.

Bàbá Tíṣà, Kàbà

Fúnmi, o ṣeun. N kò mọ̀ nípa òṣùwọ̀n yẹn, mo gba àtúnṣe. Ó sì dùn mí púpọ̀. Ìyá Tósìn, ìwé kékeré yẹn ti di ìwé ńlá báyìí. Kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó bá rà dátà ní ọ̀sẹ̀ náà. Mú un lọ fún baálẹ̀, kí òun náà fọwọ́ sí i. Tí o bá wá sí ọjà Kàbà, yà sọ́dọ̀ mi, n ó bá ọ kọ lẹ́tà náà, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Ìyá Tósìn, Bùnú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo padà wá jábọ̀.

Mo pe 300 bí Bàbá Tíṣà ṣe wí. Ọmọkùnrin tó gbé e ní kí n pa fóònù kí n tún tan án. Mo ní jẹnẹrétọ̀ ló dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, táǹkì gbẹ, mo fi igi kàn án. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo pe 622, mo ka nọ́ńbà náà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin kan pè mí láti ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi. Ó bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, kò kù gìrì sí mi. Ó fún mi ní gígì márùn-ún, ọlọ́jọ́ méje. Mo bi í pé máàsì ńkọ́? Ó ní òun á fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó kàn. Mo bi í pé àwọn wo? Kò lè sọ.

Mo bi ẹni tó ń ṣọ́ máàsì, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa nìkan ló wà lórí rẹ̀. N kò tíì lọ fi PORT ránṣẹ́, torí n kò rí èyí tí mo máa lọ bá. Àmọ́ mo ti ki síìmù kejì bọ inú ẹ̀rọ POS, ààyè rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí tí n kò mọ̀. Kọ́lá, Ọlọ́run á bù kún ọ. Tí máàsì bá kú, mo máa ń gbé ẹ̀rọ náà gun àpáta, ọmọ mi á gbé agboòrùn tẹ̀ lé mi, àwọn oníbàárà á tẹ̀ lé wa. Bàbá àti ìyá tí kò lè gun òkè kò lè rí owó gbà, ìyẹn kò tíì ní ojútùú.

₦38,000 ti padà sínú àkáǹtì bàbá yẹn, báńkì dá a padà ní ọjọ́ kẹwàá. Òun fúnra rẹ̀ ló wá fi àláàtì hàn mí, ó ní kí n kà á fún òun kí gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́. Mo kà á sókè. Ọmọ ọmọ rẹ̀ rí ìdánwò ṣe, àbúrò bàbá náà ló yá wọn lówó. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ìgbà náà.

Orúkọ mọ́kànlélógójì ló ti wà nínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn àti iye tí oníkálukú rà. Baálẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ ní àtàǹpàkò. Bàbá Tíṣà ti bá mi kọ lẹ́tà, a kọ ọ́ sí NCC ní Àbújá, a sì kọ ẹ̀dà kan sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Mo fi nọ́ńbà ẹ̀sùn mọ́kàndínlógún lé e lẹ́yìn, ti àwọn tó ráyè pè. Mo ń retí èsì.

Ẹni tó bá wà ní abúlé mìíràn ní Bùnú tàbí ní Ìjùmú, tí máàsì tirẹ̀ náà máa ń kú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ orúkọ abúlé yín àti ọjọ́ tó kú sí ìsàlẹ̀ níbí. Fúnmi ti ní tí a bá to àwọn ọjọ́ náà pọ̀, tí a bá rí i pé ọjọ́ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń kú, ọ̀rọ̀ wa á kúrò ní ti máàsì kan.

Tiwa tún kú lánàá, láago méjì ọ̀sán. Ó jí láago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé.